Wo Omi Kí O Tó Wo Iná

Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ní Ọjọ́rú, ni Bàbá àgbà mi mí èémí ìkẹyìn nínú yàrá wọn ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Àwa mẹ́ta la wà níbẹ̀. Àǹtí Ṣadé, àbúrò ìyá mi, di ọwọ́ Bàbá mú. Ìyá Àdúrà, àgbà obìnrin kan láti ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà tí Bàbá ń lọ, kúnlẹ̀ nídìí bẹ́ẹ̀dì, ó mú agogo kékeré dání, kò lù ú. Èmi dúró lẹ́bàá fèrèsé. Mi ò di nǹkan kan mú.

Àǹtí Ṣadé ló pa ojú Bàbá dé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yíjú sí mi.

"Wọ́n ti lọ. Kí inú ìwé rẹ dùn."

"Ṣadé, má sọ bẹ́ẹ̀," Ìyá Àdúrà ní.

"Mo ti sọ ọ́, Màmá."

Ọ̀rọ̀ kì í yá mi lẹ́nu. Bàbá fúnra wọn máa ń sọ pé ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ohùn mi, kó kọ́kọ́ gbé oúnjẹ síwájú mi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ méjì kan wà tí mo sọ fún Bàbá lọ́dún bíi mélòó kan sẹ́yìn, tí mi ò lè gbé pa dà sẹ́nu mọ́. Òun ni Àǹtí Ṣadé ń bá mi jà lé lórí. Mo ń kọ irú ẹni tí Bàbá jẹ́ sílẹ̀, kí n lè mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ méjì náà ló pa wọ́n.

Wẹ́dà ni Bàbá. Láyé ìgbà tí agbégilódò ń kó gẹdú jáde nínú igbó wa lọ́sàn-án lóru, Bàbá ló ń fi iná jó ṣáásí ọkọ̀ tó bá kán pọ̀. Gáàsì kábáìdì ni wọ́n ń lò. Kábáìdì dà bí òkúta tó ní àwọ̀ eérú. Tí omi bá kàn án nínú dúrọ́ọ̀mù, á hó, á gbóná, á máa yọ gáàsì tó ń rùn bí aáyù tó ti bàjẹ́. Gáàsì yẹn ni rọ́bà ń gbé lọ sí ẹnu irin ìjórin. Iná rẹ̀ lágbára débi pé irin á yọ́ bí òrí.

Àràárọ̀, kí Bàbá tó bọ ẹ̀wù iṣẹ́, wọ́n á mú ọ̀pá oparun kan tí wọ́n fi ọ̀bẹ sàmì sí lára, wọ́n á kì í bọ inú dúrọ́ọ̀mù. Tí omi ò bá dé ojú àmì, kò sí iṣẹ́. Tí iṣẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n á máa dá a dúró, wọ́n á fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ara dúrọ́ọ̀mù. Bí ẹ̀yìn ọwọ́ ò bá lè gbé ibẹ̀, wọ́n á ti gáàsì pa, wọ́n á lọ jókòó. Àwa ọmọ iṣẹ́ máa ń sín wọn jẹ lẹ́yìn wọn. A máa ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ìkòkò ẹ̀bà, ká sì máa mi orí. Mo dé ọ̀dọ̀ wọn lẹ́yìn ikú bàbá mi, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ní ọmọ ọdún mẹ́wàá, mo sì rò pé bí gbogbo wẹ́dà ṣe ń ṣe nìyẹn. Mi ò mọ̀ pé àṣà náà ní ọjọ́ ìbí. Ohun tí wọ́n ń sọ fún wa ò ju ẹyọ kan lọ: "Wo omi kí o tó wo iná."

Ohùn Ìjẹ̀bú ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Èmi ń kọ ọ́ ní Yorùbá ilé ìwé, adùn rẹ̀ sì ti dín kù.

Wọn kì í sáré nítorí oníbàárà. Oníṣòwò gẹdú kan wà tí a ń pè ní Ọ̀gá Gẹdú, ọkùnrin alárìwo tó máa ń sọ̀rọ̀ bíi pé odò wà láàárín yín. Lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ rẹ̀ kán sójú ọ̀nà, Bàbá jó o dé ìdajì, wọ́n fọwọ́ kan dúrọ́ọ̀mù, wọ́n lọ jókòó.

"Bàbá Wẹ́dà! Ta ló gbóná, ẹ̀yin àbí dúrọ́ọ̀mù?"

"Àwa méjèèjì."

"Òjò ń pa gẹdú mi o!"

"Òjò ti ń pa á látìgbà tó ti wà nínú igbó. Kò kú."

"Ṣé ẹ̀yin nìkan ni wẹ́dà tó wà nílùú yìí ni?"

"A pọ̀. Lọ ka àwọn tó lójú méjì nínú wa, kí o wá bá mi."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá Gẹdú náà rẹ́rìn-ín. Bàbá ò rẹ́rìn-ín.

Wọn kì í sì í fi nǹkan ṣòfò. Ẹrẹ̀ funfun tó máa ń kù nínú dúrọ́ọ̀mù lẹ́yìn iṣẹ́, àwọn wẹ́dà yòókù ń dà á sí gọ́tà. Bàbá gbẹ́ ihò kan fún un lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Òun ni wọ́n fi kun ilé wa, wọ́n fi kun ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì fi kun ilé àwọn opó tó wà ládùúgbò láìgba nǹkan kan. Tí ẹ bá wọ àdúgbò wa lọ́sàn-án, ojú yín á máa ṣẹ́. Ìyá kan tó múlé tì wá gbé adìyẹ rẹ̀ wá lọ́jọ́ kan, ó ń pariwo pé dúdú ni adìyẹ òun nígbà tó jáde láàárọ̀, ẹ wò ó bó ṣe funfun bọ̀ nínú ihò Bàbá Wẹ́dà. Bàbá gba adìyẹ náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n wò ó síhìn-ín sọ́hùn-ún.

"Màmá, ẹ má bínú. Ẹ gbé e wá sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sunday. Ó ti di Aládùúrà."

Mo ti ń sún mọ́ ọgbọ̀n ọdún nígbà tí mo sọ fún wọn pé mo fẹ́ lọ ilé ìwé. Mo ti gba ìyọ̀ǹda iṣẹ́, mo ti ní irinṣẹ́ tèmi, gbogbo ènìyàn sì mọ̀ pé èmi ni màá jogún ṣọ́ọ̀bù. Mo rò pé wọ́n á bínú. Bàbá ń fọ ojú irin ìjórin lọ́wọ́. Wọn ò gbójú sókè.

"Ìwé yẹn, ṣé á sọ fún ọ ìdí tí nǹkan fi ń gbóná?"

"Mi ò mọ̀, Bàbá."

"Lọ wò ó. Tí o bá rí i, wá sọ fún mi."

Ó pẹ́ kí n tó rí i. Mo kọ́kọ́ jókòó pẹ̀lú àwọn ọmọdé ní ilé ẹ̀kọ́ girama ìrọ̀lẹ́. Ìgbà tí mo fi wọ yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè, mo ti ní ìyàwó. Bọ́sẹ̀, ìyàwó mi, ń ta ẹ̀wà àti búrẹ́dì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́bàá ilé tí wọ́n ń gbé, àwọn ọmọ kíláàsì mi tó wá jẹun níbẹ̀ sì ń pè mí ní Dádì. Ẹ̀kọ́ kẹ́mísìrì ni mo kà. Níbẹ̀ ni mo ti pàdé ohun tí wọ́n ń pè ní ẹntálípì, ìyẹn ooru tó ń wọlé tàbí tó ń jáde nígbà tí nǹkan kan bá ń di nǹkan mìíràn.

Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní i báyìí ní ilé ìwé kan ní Òrù, ọdọọdún ni wọ́n sì ń ṣe àṣìṣe kan náà. Wọ́n rò pé ooru wà nínú nǹkan bí ọmọ ṣe wà nínú èkùrọ́ tí a kò tíì pa, pé tí a bá ti là á, ooru á jáde. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti já ohun tó so pọ̀, ooru ló ń gbà. Ìgbà tí àwọn tí a já náà bá tún so mọ́ ẹlòmíràn ni ooru ń jáde. Bí ìsopọ̀ tuntun bá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ooru tó jáde á ju èyí tó wọlé lọ, dúrọ́ọ̀mù á sì gbóná. Bí ọ̀rọ̀ kábáìdì àti omi ṣe rí nìyẹn.

Àwọn onímọ̀ tún fẹnu kò pé kí a máa wọn ooru yìí lábẹ́ ipò kan náà, kí agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń tẹ nǹkan má yàtọ̀, kí bí ibẹ̀ ṣe gbóná tó má yàtọ̀, kí tibí lè bá tọ̀hún dọ́gba. Òfin kan sì tẹ̀ lé e tí mo fẹ́ràn jù. Ìṣirò náà kì í béèrè ọ̀nà. Ó ń béèrè ohun tí o fi bẹ̀rẹ̀ àti ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ nígbà tó parí. Ìyókù kò kàn án. Mo rò pé irú èèyàn bíi tèmi ló ṣe òfin yẹn.

Mo fi dúrọ́ọ̀mù Bàbá dánra wò. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń bu kábáìdì tó, mo mọ ibi tí àmì ara ọ̀pá wà. Mo ṣe ìṣirò rẹ̀ lórí tábìlì oúnjẹ, Bọ́sẹ̀ ń bínú pé mi ò jẹun. Mo rí i kedere pé omi pọ̀ nínú dúrọ́ọ̀mù yẹn ju èyí tí kábáìdì nílò lọ. Èyí tó ṣẹ́ kù wà níbẹ̀ láti máa gbé ooru mì. Tí omi bá pọ̀, ooru á tàn ká, ara dúrọ́ọ̀mù á lọ́ wọ́ọ́rọ́. Tí omi bá kéré, ooru kan náà á rọ́ lu ohun kékeré. Á gbóná títí gáàsì á fi gbiná fúnra rẹ̀, láìsí pé ẹnikẹ́ni ṣá iná sí i.

Inú mi dùn bí ọmọdé. Mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó lọ́jọ́ kejì láti lọ jíṣẹ́ tí Bàbá rán mi.

Wọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀. Wọ́n béèrè ìbéèrè. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí àwọn ọmọ iṣẹ́ jáde.

"Ọmọ iṣẹ́ kan wà níbí kí o tó dé," Bàbá ní. "Lámídì. Ọmọ Ibiade."

Mo ti gbọ́ orúkọ náà rí, gẹ́gẹ́ bí ìkìlọ̀. Wọ́n ní ọmọ náà mu sìgá nítòsí dúrọ́ọ̀mù, dúrọ́ọ̀mù sì bú. Ojú òsì rẹ̀ fọ́, ọwọ́ òsì rẹ̀ ká jọ bí ẹsẹ̀ adìyẹ. Ìròyìn sìgá yẹn dé gbogbo ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà títí dé Òrù, kò sì sí ọ̀gá tó gbà á mọ́. Ó pa dà sí Ibiade.

"Èmi ni mo sọ ọ̀rọ̀ sìgá," Bàbá ní. "A rí ìdí sìgá kan lẹ́bàá ògiri. Mo ní òun ni. Àwọn èèyàn gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo inú dúrọ́ọ̀mù tó fọ́ yẹn, ẹrẹ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe ẹrẹ̀. Ó gbẹ bí èlùbọ́. Mi ò sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni. Ìwé rẹ, kí ló máa sọ sí i?"

Mo lè ní mi ò mọ̀. Mo lè ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ sìgá, kó sì jẹ́ nǹkan mìíràn. Mo lè jókòó tì wọ́n, kí n sọ pé ó ti pẹ́, pé wọn ò lè mọ̀ nígbà náà, pé gbogbo ọmọ tó kọjá lábẹ́ wọn látìgbà yẹn ló lójú méjì. Gbogbo ìyẹn jẹ́ òótọ́. Ohun tí mo sọ ni:

"Omi kéré."

Mo sì dìde, nítorí ilẹ̀ ń ṣú.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, Bàbá ní kí n mú àwọn lọ sí Ibiade. A wọ ọkọ̀, a tún sọ̀ wọ òmíràn. Nígbà tí a dé iwájú ilé Lámídì, wọ́n ní kí n dúró sídìí igi àgbọn kan, kí n má tẹ̀ lé àwọn. Ibẹ̀ ni mo ti rí Bàbá, àgbà tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, tí wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú iyanrìn níwájú ọmọ iṣẹ́ wọn. Lámídì sáré tẹ̀ bá wọn, ó ń fà wọ́n dìde, ó ń sọ̀rọ̀. Bàbá gbé orí sókè. Wọ́n mi orí. Wọ́n sọ nǹkan kan, wọ́n sì tún dojú bolẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Mi ò gbọ́ ohunkóhun. Ohun tí Lámídì sọ tó mú kí wọ́n gbé orí sókè, àti ìdí tí wọ́n fi tún dọ̀bálẹ̀, mi ò béèrè. Nígbà tí ọkọ̀ dé Ìjẹ̀bú-Òde ni Bàbá tó la ẹnu.

"Ilẹ̀ ibẹ̀ tutù," wọ́n ní.

Ní Sunday tó tẹ̀ lé e, wọ́n dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní Lámídì kò mu sìgá, omi ló kéré, ẹ̀bi àwọn sì ni. Wọ́n lọ sọ ọ́ ní ìpàdé àwọn wẹ́dà. Àwọn kan yìn wọ́n. Àwọn kan gbé iṣẹ́ wọn lọ síbòmíràn. Kò pẹ́ tí Bàbá fi ti ṣọ́ọ̀bù pa. Wọ́n ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà látàárọ̀ dalẹ́, wọ́n ń rù. Àǹtí Ṣadé tó ń tọ́jú wọn ló rí gbogbo rẹ̀, kì í ṣe èmi. Èmi ń máàkì ìwé ìdánwò.

"Ọkùnrin tó ń jó irin ló ń lé eṣinṣin báyìí," Àǹtí Ṣadé ní fún mi nígbà kan. "Wọ́n ti gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn, ìwọ lo lọ hú u. Ṣé wọn ò kọ́ yín ní irọ́ kékeré ní yunifásítì ni?"

Lẹ́yìn ìyẹn, nígbà tí Bọ́sẹ̀, ìyàwó mi, kú, Bàbá wá bá mi ní Àgọ́-Ìwòyè. Àwọn èèyàn ń wá, wọ́n ń sọ pé kí n gba kámú, pé kí n pa dà sẹ́nu iṣẹ́ kí ọkàn mi lè kúrò níbẹ̀. Bàbá jókòó tì mí títí gbogbo wọn fi lọ. Nígbà tí wọ́n fẹ́ máa lọ, wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn mi, bí wọ́n ṣe máa ń kan dúrọ́ọ̀mù.

"Ó ṣì gbóná," wọ́n ní. "Má tíì ṣiṣẹ́."

Kò sí ẹni tó bá mi sọ ọ̀rọ̀ tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó yẹ kí n ti fọwọ́ kan ọrùn tiwọn náà. Àìmọye ìrọ̀lẹ́ ni mo jókòó tì wọ́n lẹ́nu ọ̀nà yẹn, tí mo fẹ́ béèrè pé, "Bàbá, ṣé mo ṣe yín níkà?" Ẹnu mi ò gbà á. A jọ ń wo ọ̀nà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ikú wọn, mo wọ bàtà. Àǹtí Ṣadé bá mi lẹ́nu géètì.

"Níbo lò ń lọ? Àwọn èèyàn ń bọ̀ wá kí wa."

"Ibiade."

"Lọ́dọ̀ ọkùnrin yẹn? Jọ̀ọ́, kó má wá síbí o. Ohun tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe fún Bàbá ti tó."

Bọ̀ọ̀dá Lámídì jókòó lábẹ́ ahéré, wọ́n ń tún àwọ̀n ṣe. Eyín ni wọ́n fi di okùn mú, ọwọ́ ọ̀tún ló ń ṣiṣẹ́. Irun wọn ti funfun. Wọ́n wò mí tán kí n tó kí wọn.

"Ọmọ Wẹ́dà. Ojú rẹ ti sọ ọ́."

"Àná ni. Ní ìrọ̀lẹ́."

"Ìnnà lílláhì." Wọ́n gbé àwọ̀n sílẹ̀. "Ṣé wọ́n jẹ̀rora?"

"Rárá."

Mo kúnlẹ̀ sínú iyanrìn. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jáde, mi ò mọ̀.

"Ẹ forí jì mí, Bọ̀ọ̀dá. Èmi ni mo sọ fún Bàbá pé omi kéré. Látìgbà náà ni wọn ò ti jẹ́ ara wọn mọ́."

Wọ́n fi ojú kan tó kù wò mí pẹ́.

"Ta ló pọn omi lọ́jọ́ náà?"

"Mi ò mọ̀. Ìṣirò ò sọ ìyẹn."

"Èmi ni. Ẹ̀rọ ò yọ láàárọ̀ ọjọ́ náà, kànga sì jìnnà. Mo da èyí tó kù nínú garawa sí i, mo ní á tó. Mo ti mọ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Ìgbà tí Bàbá wá dọ̀bálẹ̀ síbi tí o kúnlẹ̀ sí yìí, ojú tì mí. Mo ní, 'Ọ̀gá, ẹ dìde, èmi ni mo dín omi kù.'"

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Wọ́n gbé orí sókè. Wọ́n ní, 'Lámídì, ọmọ iṣẹ́ ló ń pọn omi, ọ̀gá ló ń wò ó. Mi ò wò ó.' Wọ́n tún dojú bolẹ̀. Wọ́n ní kí n má sọ tèmi fún ẹnikẹ́ni, pé èyí tí àwọn fi sìgá bà mí jẹ́ ti tó. Wọ́n ti lọ báyìí. Mo lè sọ ọ́."

Gbogbo ọdún tí mo fi wà nídìí ọ̀pá oparun yẹn, ohun tí Bàbá ń wí fún wa láràárọ̀ nìyẹn, kí n tó mọ ìwé kankan. Wọn ò nílò kí n sọ fún wọn pé omi kéré. Ẹrẹ̀ gbígbẹ ti sọ ọ́ fún wọn. Ohun tí wọ́n wá fẹ́ lọ́wọ́ mi ni ẹnìkan tó máa jókòó tì wọ́n nígbà tí wọ́n bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.

"Bọ̀ọ̀dá, ṣé ọ̀rọ̀ mi ló pa wọ́n?"

"Ọjọ́ orí ló pa wọ́n, jàre." Wọ́n fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò jáde tán. "Àmọ́ wọ́n sọ ọ́ fún mi bí o ṣe sọ ọ́. Wọ́n ní, 'Ọmọ mi sọ òótọ́ fún mi, ó sì dìde.' Ìwọ náà, ò bá bu omi díẹ̀ sí i."

Mo wà lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀ títí wọ́n fi na ọwọ́ ọ̀tún sí mi.

Mo ní kí wọ́n bá mi kálọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Wọ́n ní àwọn á kọ́kọ́ wẹ̀, ṣùgbọ́n ìkòkò omi wọn ti gbẹ. Mo pe Àǹtí Ṣadé lórí fóònù, mo ní Bọ̀ọ̀dá Lámídì ń bọ̀, kí wọ́n gbé àga kan sí ẹ̀gbẹ́ tèmi. Àǹtí bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Mi ò pa fóònù. Mo dúró, mo sì ń sọ̀rọ̀ títí ohùn Àǹtí fi rọlẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo gbé garawa lọ sẹ́nu ẹ̀rọ. Mo fa omi títí ó fi kún. Kí n tó gbé e, mo tẹ̀ bá a, mo wò ó.